Òṣùwọ̀n Òjò Méjì

Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí Tíṣà Josiah ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Mopa, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn tì lẹ́nu òjò wíwọ̀n. Bí aago méje àárọ̀ bá ti lù, yóò lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òṣùwọ̀n rẹ̀ wà lórí òpó kékeré kan, yóò ka iye omi tó wà nínú rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó pín ojú ìwé náà sí ọ̀nà méjì. Ọwọ́ òsì jẹ́ ti Mopa. Ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ ti erékùṣù kan lókè òkun, níbi tí Ayọ̀kẹ́mi ọmọ rẹ̀ àti Andrew ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Òun ló ra irú òṣùwọ̀n kan náà fún ọmọ náà nígbà tó ń lọ, ọdún mẹ́ta gbáko ni Ayọ̀kẹ́mi sì fi ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé, tó sì ń kà á fún un lórí fóònù láràárọ̀.

Nínú oṣù keje, ojú ọjọ́ erékùṣù náà dàrú. Ojoojúmọ́ ni iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ibẹ̀ ń gbé ìkìlọ̀ jáde, Tíṣà sì ń kà á lórí fóònù: òjò tí kò dúró sójú kan, ewu àkúnya omi ní gbogbo ibi tó rẹlẹ̀. Ibi tó rẹlẹ̀ ni ilé Ayọ̀kẹ́mi wà. Tíṣà ti ṣírò rẹ̀: bí òjò ọjọ́ mẹ́ta bá ju àádọ́jọ mìlímítà lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kó lọ sórí òkè. Iye tó péye ló nílò, iye tó péye gan-an ni kò sì rí gbà.

Lọ́jọ́ kejìlá oṣù náà, omi wọ fóònù Ayọ̀kẹ́mi. Andrew ló wí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, òun ló ń fi iye òjò ránṣẹ́. Tíṣà ní kí ọmọ òun fi fóònù ọkọ rẹ̀ pe òun. Andrew ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bàjẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ń kọjá. Iye tó ń kọ kéré. Ní ọjọ́ tí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ní mìlímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló rọ̀, mọ́kànlá ni Andrew kọ. Lọ́jọ́ kejì, òdo ló kọ. Tíṣà ní kí wọ́n yẹ ẹnu àrọ òṣùwọ̀n náà wò, bóyá ewé ló dí i. Andrew ní kò sí ewé. Tíṣà ní kí wọ́n wò ó bóyá ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Andrew ní ó dúró ṣánṣán. Nígbà tó wá pàṣẹ pé kí wọ́n kó kúrò nínú ilé náà láìwo òṣùwọ̀n mọ́, èsì pẹ́ kó tó dé: “Mo ti kó kúrò níbẹ̀, sà.” Inú bí Tíṣà pé kò sọ ibi tí wọ́n gbé òṣùwọ̀n sí.

Ilé pàápàá kò rọrùn. Zipporah àbúrò rẹ̀ dé láti Isanlu, ó ní òun wá bá a sá èlùbọ́. Tíṣà bi í léèrè ẹni tó ń sá èlùbọ́ nínú oṣù keje. Síbẹ̀, kò padà lọ. Délé, àkọ́bí Tíṣà, wá láti Kabba pẹ̀lú báàgì méjì láti tún páànù tó ń jò ṣe. Ó lo ọjọ́ mẹ́wàá, páànù náà sì ń jò síbẹ̀. Fẹ̀hìntọlá, tí wọ́n jọ ṣe tíṣà, tí kò sì ya ilé náà láti ọdún mẹ́rin, ń ti Amuro wá pẹ̀lú àwọn alàgbà ìjọ méjì. Wọn a sọ̀rọ̀ òjò díẹ̀, wọn kò sì ní dìde. Ọ̀kan nínú wọn fi agboòrùn rẹ̀ kọ́ òpó òṣùwọ̀n, iye ọjọ́ náà sì bàjẹ́.

“Fẹ̀hìntọlá, ṣé oyè lẹ fẹ́ fi mí jẹ ni?” Tíṣà bi í. “Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan.”

“Bí a bá fi ọ́ joyè, o ó máa fi òṣùwọ̀n wọn ẹmu wa.” Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. “A kàn ní ká wá kí ọ ni. Okun o.”

“Mo ti gbọ́ okun yẹn látàárọ̀.” Ìkíni kan náà ni wọ́n fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí nǹkan ṣe ní Mopa.

Zipporah gbé iyán wá fún un, ó sì dúró tì í bó ti ń wo iye Andrew. “Ẹ̀gbọ́n mi, òjò kì í rọ̀ dọ́gba. Ó lè lu Mopa bolẹ̀ kí eruku máa sọ ní Amuro.”

“Fún ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún.”

Zipporah ní kó jẹun.

Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù náà, Tíṣà wọ yàrá lọ láti wá ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín òṣùwọ̀n ọmọ rẹ̀ àti ti iléeṣẹ́ ojú ọjọ́, kó lè fi tún iye Andrew ṣe. Ó ṣí ìwé ọdún tó kọjá sí oṣù keje, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún yìí, ó sì fi rúlà sábẹ́ ọjọ́ kìíní. Láti ọjọ́ kìíní dé ìkọkànlá, iye ọdún méjèèjì kò bára mu, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ. Ọjọ́ kejìlá: mọ́kànlá, mọ́kànlá. Ọjọ́ kẹtàlá: òdo, òdo. Ọjọ́ kẹrìnlá: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àti ààbọ̀, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àti ààbọ̀. Ó ń fa rúlà náà wálẹ̀ títí ó fi dé ọgbọ̀njọ́. Kò sí ọ̀kan tó yàtọ̀. Òjò kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń da ìwé kọ ló ń kọ bẹ́ẹ̀, ìwé kan ṣoṣo tí iye wọ̀nyẹn sì wà nínú rẹ̀ lókè òkun ni èyí tí Ayọ̀kẹ́mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ́dún tó kọjá.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gbogbo wọn jókòó sí, ó jókòó sáàárín wọn, ó sì bi Délé pé, “Ọjọ́ wo ni wọ́n sin Ayọ̀kẹ́mi?”