Ìyá Ìyàwó Lójú Òfurufú

Ẹ́ńjìnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Epo ti tán. Awakọ̀ òfurufú rántí pé òun ò ki igi ìwọn epo bọ táǹkì láàárọ̀, kí ìyá ìyàwó òun má bàa dúró pẹ́.

"O ṣeun tó o pa á, ọmọ mi," ni ìyá wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ariwo yẹn ti fẹ́ dí mi létí."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di àga mú."

"Rọra máa wà á. Ta ló ń lé wa?"

Bàálù kékeré náà rà bàbà dé pápá bọ́ọ̀lù. Agbábọ́ọ̀lù méjìlélógún fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, bàálù balẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu góòlù.

Ìyá bọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí awakọ̀. "Mo ti rí i pé abẹ́rẹ́ ìwọn epo sùn lórí òdo kí ìwọ tó rí i. Tí mo bá ké, ṣé wàá lè balẹ̀? Ó yá, sún sẹ́yìn, kí n ráyè ké."