Ẹ Fi Èyí Tó Ń Wúkọ́ Sílẹ̀

"Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, Màmá! Ẹ̀ṣọ́ yẹn á gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín."

Màmá di páàdì géèmù mú bí ẹni tó mú adìẹ tó fẹ́ sá. Nínú tẹlifíṣọ̀n, obìnrin kan ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba àárín ìlú ayé àtijọ́ tí àjàkálẹ̀ àrùn ti sọ dahoro. Ó fa ọmọ méjì lọ́wọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá ní ló fi ọdún mẹ́ta ṣe géèmù náà. Lọ́la ni yóò fi han àwọn tó fẹ́ rà á, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí kò gbá géèmù rí lè la ibi tó le jù kọjá.

"Ògiri yìí mà ga o," ni Màmá wí. "Ọmọ kan ni mo lè pọ̀n gùn ún. Ẹ̀gbọ́n sì tún ń wúkọ́."

"Ẹ ti ń já a nìyẹn! Ẹ fi èyí tó ń wúkọ́ sílẹ̀, kí ẹ pọ̀n àbúrò. Ikọ́ yẹn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ máa tẹ̀lé."

Màmá gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì.

"Wọ́n ń bọ̀ o! Àbí oorun ti ń kùn yín ni?"

"Rárá."

"Màmá, géèmù lásán ni."

"Ọdún tí àrùn wọ àdúgbò wa, tí sójà dí gbogbo ọ̀nà," ni Màmá wí, kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, "ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń wúkọ́. Ìwọ ni mo pọ̀n."