Kànáfùrù Méje Nísàlẹ̀ Ìkòkò

Wọ́n tún ti mú iná lọ ní ìlú Zahle, Nuhad sì ń yọ́ àjókù àbẹ́là nínú ìkòkò, kó lè fi ṣe tuntun.

Wadad ọ̀rẹ́ rẹ̀, opó tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ló kó àjókù tilé rẹ̀ wá.

"Nuhad, mi ò ní pẹ́ o. Èébì ń gbé mi láti àná. Ẹja tí mo jẹ yẹn ni."

"Ẹja kọ́, ọ̀kánjúwà ni! Jókòó jàre."

Nuhad da àjókù tí Wadad kó wá sínú ìkòkò. Ìda ń yọ́. Nǹkan dúdú kan hàn nísàlẹ̀ ìkòkò.

Nuhad fi ṣíbí gbé e. Kànáfùrù ni.

Ó gbé òmíràn. Ó gbé méje.

Ó tò wọ́n sórí tábìlì.

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wá ọmọ. Gbogbo Sátidé ló ń ṣe àbẹ́là kan, tó sì ń tẹ kànáfùrù méje bọ ìdí rẹ̀, bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ládùúgbò.

Tannous ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e lọ tàn níwájú ère Màríà, ní ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè. Bó bá pẹ́ kó tó dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Mo dúró tì í títí ó fi jó tán."

"Òórùn kí nìyí?" Wadad fọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́ kejì wà níkùn.

Nuhad wo ọwọ́ tó wà níkùn náà.

"Òórùn àdúrà mi ni," ó ní. "Ó mà gbà o, Wadad. Ilé tìẹ ló ti gbà."