Jíà Tí Dávídì Bá A Dà Nù

Mọ́tò eré ìje àtijọ́ yìí ni Akínrẹ̀mí fẹ́ tà, kó lè padà sílé l'Ẹ̀pẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún ò jẹ́ kó lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, ni Dávídì, mẹkáníìkì ṣọ́ọ̀ṣì wọn, bá fi jíà ọtomátíìkì sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

"Jíà àfọwọ́yí yẹn ńkọ́? Ìyàwó mi olóògbé ló fi òwú pupa wé orí ẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti bá yín dà á nù. Irin lásán ni."

"Olúwa á bù kún ẹ."

Lónìí, ní Creekmouth, lókè òkun tó ń gbé, oníbàárà ń mirí.

"Bàbá, ọtomátíìkì kọ́ là ń wá. Jíà àfọwọ́yí ló ń gbówó lé irú mọ́tò yìí, torí ó ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo èyí tí mo rà lọ́wọ́ Dávídì mẹkáníìkì sínú mọ́tò tèmi."

Akínrẹ̀mí rọra yọjú wo inú mọ́tò oníbàárà náà.

Òwú pupa ìyàwó rẹ̀ ló wà lórí jíà.