Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Máa Lọ Sílé

Ó ti rẹ Kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin náà níbẹ̀ nìyẹn, torí òun nìkan ló mọ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lò, gbogbo wàhálà ẹ̀rọ sì di tirẹ̀. Ọ̀gá ti ní kó kọ ètò tuntun tí yóò máa tọ́jú ọjọ́ tí oníkálukú máa lọ sílé. Ti àtijọ́ ti dàrú: ẹni tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó ń lọ, ẹni tí tirẹ̀ ti kọjá ṣì jókòó sílẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá lọ́sàn-án. Ọ̀gá ṣí abọ́, ó fi ṣíbí rò ó káàkiri kó tó gbé e fún ẹni tó ni ín. Kọ̀ǹpútà ń jẹun, ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ.

"Bàbá ọmọ mi, ìgbà wo lẹ máa wálé?"

"Mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

"Ọmọ yín ò bèèrè yín mọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù."

Kọ̀ǹpútà ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fóònù Ọ̀gá dún, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Ìyàwó fa àga súnmọ́ ọkọ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ọ́? Ẹ kúkú fa ọjọ́ tiyín wá sí tòsí."

"Túpù ni mo fi kọ ọ́."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́: mo so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan. Ó dà bíi búlọ́ọ̀kù. Tó bá ti gbẹ, o ò lè yọ iyanrìn inú ẹ̀ mọ́."

"Ẹ mọ òmíràn, kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí, ó sì ti rídìí ọ̀rọ̀.

"Ó ṣeé ṣe. Irú ẹ̀ ni mo ṣe níbi iṣẹ́ mi àtijọ́."

"Wọn ò ní mọ̀."

"Ohun tí mo sọ nígbà yẹn náà nìyẹn. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá."

Ìyàwó palẹ̀ abọ́ mọ́. Inú ń bí i, ẹkún sì ń gbọ̀n lóhùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ o. Ó ti sú mi."

Ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Kọ̀ǹpútà ń tẹ ọjọ́ oníkálukú wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan tirẹ̀, ó gbọ́wọ́ kúrò, ó nu ojú, ó sì tẹ ọjọ́ náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

"Ó parí?" ni Ọ̀gá bèèrè.

"Ó parí, sà. Ti kálukú ti dúró."

Ọ̀gá wọ́dà yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó sì mú ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ padà sí sẹ́ẹ̀lì, láti lọ lo ọdún méje tó kù.