Jọọlá Lọ sí Zanzibar

Nígbà tí Godspower kà á pé Jọọlá ti gúnlẹ̀ sí Zanzibar, ó mọ̀ pé àkókò ti tó láti lọ kó ẹrù ilé rẹ̀.

Kò yọ́ ìròyìn náà gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Jọọlá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀, "Jọọlá Ń Gbafẹ́", níbi tí gbogbo ará Awoye, ìlú wọn létí òkun, ti ń ka ohun tó jẹ, ohun tó wọ̀, àti ibi tó tún fẹ́ lọ jẹ òmíràn. Ó ti ya fọ́tò tẹlifíṣọ̀n tuntun rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti kọ odidi àròkọ kan lórí ìkòkò òdòdó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò sì gbàgbé láti fi kún un pé abẹ́ rẹ̀ ni òun máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí. Olè tó bá tún ń fọ́ ilẹ̀kùn lẹ́yìn irú oore yìí, aláìmoore ni.

Godspower kì í ṣe aláìmoore. Kò ní iṣẹ́ kan pàtó, ṣùgbọ́n kì í wà láìní dátà, kò sì sí ohun tí Jọọlá gbé sójú búlọ́ọ̀gì tí kì í yìn.

Mabel ni kì í yìn ín. Ilé rẹ̀ kọjú sí ti Jọọlá, ilé ìwé kan náà ni wọ́n sì jọ lọ. Nígbà tí fọ́tò etíkun Zanzibar jáde, Mabel kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Jọọlá, òkun yìí mà jọ ti Araromi tiwa níbí o." Àwọn olólùfẹ́ búlọ́ọ̀gì bú u títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní ìlara ló ń pa á, pé ẹni tí kò kọjá Ìgbọ́kọ̀dá rí, kí ló mọ̀ nípa òkun? Jọọlá náà dá a lóhùn pé bí ẹnikẹ́ni bá lè fi hàn pé òun kò lọ, òun yóò pa búlọ́ọ̀gì náà rẹ́, ojú òun kò sì ní lè gba ìlú náà mọ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Godspower so ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́ òpó tó gbé ilé Jọọlá ró lórí omi. Ọkọ̀ Jọọlá kò sí lábẹ́ ilé. Àbúrò rẹ̀ ti wà á lọ sí Abereke. Ní Awoye, ilé tí ọkọ̀ kò bá sí lábẹ́ rẹ̀, kò sí èèyàn nínú rẹ̀ nìyẹn. Godspower mú kọ́kọ́rọ́, ó wọlé, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n jáde láìyọ́ ẹsẹ̀ rìn.

"Godspower, kí lò ń gbé yẹn?" Bàbá Ọlálẹ́yẹ ló bèèrè. Orí afárá pákó ló jókòó sí, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Àǹtí Jọọlá ló pè mí láti Zanzibar. Wọ́n ní omíyalé ń bọ̀, kí n bá àwọn kó ẹrù lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá."

Bàbá wo òkun. Òkun kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n kì í sọ tẹ́lẹ̀. Ó ti gba ilé méjì lọ́wọ́ Bàbá láìkì í. Létí omi yìí, ẹni tó bá ń kó ẹrù aládùúgbò sá fún òkun, a kì í da ìbéèrè bò ó, ṣe là ń ràn án lọ́wọ́. Bàbá ju àwọ̀n sílẹ̀, ó pe Rejoice, ìyàwó ọmọ rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé fíríìjì sínú ọkọ̀.

"Rọra o," ni Rejoice wí fún olè náà, "kó o má lọ fi ẹ̀yìn ṣèṣe."

Godspower dúpẹ́, ó sì padà wọ yàrá lóun nìkan. Òkèlè púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wà lórí tábìlì. Púpurú náà ṣì rọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rí àpò kékeré kan tí Jọọlá kò gbé sórí búlọ́ọ̀gì rí. Iyùn ìyá rẹ̀ tó ti kú ló wà nínú rẹ̀. Godspower ti iyùn náà bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó sì jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tán.

Mabel ti dúró lórí afárá.

"Jọọlá ló rán ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí Mabel."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n bi í."

Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò etíkun pé, "Jọọlá, ṣé ìwọ lo ní kí Godspower wá kó ẹrù rẹ?"

Godspower rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń gbafẹ́ ní Zanzibar kò ní tètè rí i. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó mú àjẹ̀. Kò tíì tú okùn tán tí fóònù Mabel fi dún.

Mabel ka èsì náà sókè: "Irọ́ ni! Olè ni! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un, ẹ gba iyùn ìyá mi nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ lápá ọ̀tún!"

Bàbá Ọlálẹ́yẹ di Godspower nígbànú mú. Rejoice ki ọwọ́ bọ àpò náà, ó sì fa iyùn jáde.

"Mi ò mà fi han ẹnikẹ́ni!" ni Godspower ń wí.

Wọ́n gbá a létí nítorí ẹjọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n sì ní kó dá nìkan gbé fíríìjì padà. Àwọn èèyàn pé jọ. Bàbá ń mi orí.

"Ayé mà ti lajú o! Ẹ̀rọ tó wà ní Zanzibar ń rí inú àpò ṣòkòtò ní Awoye!"

"Ó dára kéèyàn máa fi ayé rẹ̀ han aráyé," ni Rejoice wí, gbogbo wọn sì gbà.

Mabel gba iyùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ dá a padà síbi tó wà, ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó kúnlẹ̀, ó ká etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè, ó sì wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Jọọlá, kú àbọ̀ o, àwọn ará Zanzibar ńkọ́?"