Àpò Sìmẹ́ǹtì Lórí Ọkàn

"Àsmá'ù, ọ̀lẹ! Dìde!"

Màámi ló ń pariwo. Gbogbo àdúgbò wa ní Raji Rasaki ti jí, oòrùn ti wọlé lójú fèrèsé, èmi ṣì wà lábẹ́ aṣọ ìbora.

"Màámi, mi ò ṣọ̀lẹ. Àárẹ̀ ọkàn ló ń ṣe mí."

"Àárẹ̀ ọkàn kẹ̀? Ta ló gbé àpò sìmẹ́ǹtì ru ọkàn rẹ? Nígbà tiwa, ọkàn kì í rẹ èèyàn. Kò sáyè ẹ̀!"

Ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò fẹ́ kan ilẹ̀.

Fóònù Màámi dún. Bọ̀dá Sàláúdéènì ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màámi ní Apple Junction.

"Àlàájà, ẹ ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lónìí náà? Àwọn oníbàárà yín ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì o!"

"Sàláúdéènì, Àsmá'ù ni mo ní kó wá ṣí i. Ọ̀lẹ ni ò jẹ́ kó dìde."

Ó pa fóònù.

Ó fa aṣọ ìbora kúrò lára mi, ó fi bo orí ara rẹ̀.

"Sún sẹ́yìn, jàre. O ti gba gbogbo bẹ́ẹ̀dì tán."

Mo sún.

"Àsmá'ù." Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Àárẹ̀ ọkàn tí o wí yẹn, ṣé ó máa ń ṣe àgbàlagbà?"